Mo Bú Nahuelquín Kí N Tó Wo Inú Kóró

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
tí wọ́n ta okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì
kí afẹ́fẹ́ má baà gbé arúgbó sọ sókun,
mo kó ìrántí tuntun mọ́yà lábẹ́ ẹ̀wù òtútù:
pátákó tínínrín mẹ́rin, gígábáìtì méjì-méjì,
gbogbo owó tí ọ́fíìsì wa ní títí di oṣù kẹjọ.

Yàrá kan ni ọ́fíìsì ọ̀hún.
Iṣẹ́ wa ni ká máa ka òkun, ìgbà tó kún, ìgbà tó fà,
láti ayé ìgbà tí bàbá Ivelic ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́.
Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò rẹ̀ ti darúgbó,
ó ń mí bí ẹni tó ru igi gun òkè.
Mo ní, fara balẹ̀, baba, oúnjẹ ń bọ̀.

Mo ṣí ikùn rẹ̀, mo kì wọ́n bọ̀ ọ́,
kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́.
Mo tàn án. Mo tẹ free -m.
Ó ní mẹ́ta àti díẹ̀.

Mẹ́ta àti díẹ̀ kẹ̀? Mẹ́jọ ni mo kì bọ̀ ọ́!
Mo yọ wọ́n, mo fẹ́ eruku, mo tún wọn kì.
Mẹ́ta àti díẹ̀.

Ni mo bá gbé fóònù.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìyá mi ní Chiloé
ẹ mọ ibi tí mo ti jogún ẹnu.
Nahuelquín, ayédèrú lo tà fún mi,
o rí obìnrin, o rò pé o rí ọ̀dẹ̀.
Ó dákẹ́. Mò ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Ó ní, "Danitza, ṣé o ti bi kóró rẹ̀ léèrè?"
Mo gé fóònù mọ́ ọn létí.

Oṣù kẹfà ni, ilẹ̀ ṣú ní agogo márùn-ún ààbọ̀.
Tíì mi tutù. Ìbéèrè yẹn kò tutù.
Mo wo /proc/cpuinfo,
láàárín àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tó tò bí èèrà:
pae wà níbẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta, ó jókòó jẹ́ẹ́.
Egungun lè gbé ẹrù náà nìyẹn.
Mo wọ /boot, mo ṣí ìwé tí a fi mọ kóró Línúùsì yìí,
mo fi grep wá HIGHMEM.
Ọ̀kan ní 4G, bẹ́ẹ̀ ni.
Èkejì ní 64G, wọn ò tàn án.

Háà.
Bíìtì méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ ṣáà wo ìlú kan
tí nọ́ńbà ilé rẹ̀ ní iye kan tí kò lè kọjá,
tí ẹ̀rọ kéékèèké sì ti gba díẹ̀ nínú rẹ̀;
ilé kún òdìkejì odò, iná ń tàn lójú fèrèsé wọn,
alálẹ́tà dúró ní bèbè, kò rí àdírẹ́sì kọ.
Ìrántí wà. A kàn kọ̀ láti fún un ní nọ́ńbà ni.

Ta ni ọ̀lẹ tó mọ kóró yìí?
Mo ka /proc/version. Orúkọ ẹni tó mọ ọ́n wà níbẹ̀:
danitza.
Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo rántí alẹ́ ọjọ́ náà;
oorun ń kùn mí, mo ní, ta ló máa ra
ju mẹ́rin lọ láyé yìí?

Mo fi kóró mìíràn sí i, mo tún un tàn.
Mẹ́jọ, ó dín díẹ̀.
Kò sẹ́nì kan nínú yàrá tí mo lè yọ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Nahuelquín ti tì. Kò gbé fóònù.
Mo ra búrẹ́dì gbígbóná, mo di okùn ẹ̀gbẹ́ títì mú,
mò ń gòkè lọ sí àdúgbò rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́,
àyàfi pé mi ò mọ nọ́ńbà ilé.